Màyó Sáúdí tí mo rà ní Wàǹdó: ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì ni Ronaldo bó

Ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì ni o. Ẹ̀ẹ̀kejì péré. Mo lọ ká aṣọ lórí okùn nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo yí ẹ̀yìn màyó náà padà, ibi tí wọ́n kọ RONALDO sí ti di RO AL, nọ́ńbà 7 ti ká sókè bí ewé gbígbẹ, ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo fi ẹnu jẹ àwọn lẹ́tà yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, ó kàn ní "Màámi, ta ló ń jẹ́ Roal?"

Àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́ pé níbo ni mo ti ra màyó yẹn (ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ohun tí ẹ̀ ń pè ní jẹ́sì nìyẹn), ṣé ó dáa, ṣé kí àwọn náà lọ rà fún ọmọ wọn, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, torí ọkùnrin tó ni ín kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ máa rí i tẹ́ ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ má sì sọ pé mo wá ba ọjà ẹlòmíì jẹ́, ọjà lèmi náà ń tà, àǹkárá, ó ti lé lọ́dún méjìlá, mo mọ̀ bó ṣe máa ń rí lára kí oníbàárà máa bú èèyàn kiri.

Ẹ̀yìn Ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibi tí àwọn zémì (ọ̀kadà) máa ń kó jọ sí, ẹ ò lè ṣì í, màyó ló so rọ̀ láti òrùlé títí dé ilẹ̀ bí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń so lọ́nà Kétu. Kò ju yàrá kan lọ. Fáànù kan ló wà níbẹ̀, ó ń yí nígbà tó bá wù ú. Gbogbo èèyàn ló ń pe ọkùnrin náà ní Fòfó, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní èdè Gùn, títí kan àwọn tó jù ú lọ, ó ń bá ẹni tó ń bọ̀ láti Àjàrá sọ Gùn, ó ń bá wa sọ Yorùbá, ó ń bá àwọn ọmọ líìsé (ilé ẹ̀kọ́ girama) sọ Faransé, tí ará Èkó bá sì wọlé yóò fa òyìnbó wẹ́wẹ́ kan yọ tí èmi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Inú ẹ̀ máa ń dùn. Ẹni tó bá wọlé tí kò ra nǹkan kan, á ṣì kí i pé ó dàbọ̀, ìyẹn ò wọ́pọ̀ ní Wàǹdó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó pe màyó Al Nassr, kílọ́ọ̀bù Ronaldo ní Sáúdí, ti ọmọdé ní 5.000 sẹ̀fà. Mo ní 2.000. Ó mú orí ẹ̀ dání bíi pé mo sọ òkúta lù ú.

"Ìyá Aláǹkárá, ẹ̀yin náà ọlọ́jà ni, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Torí pé mo jẹ́ ọlọ́jà ni mo ṣe mọ iye tẹ́ ẹ gbé e, Fòfó."

A parí ẹ̀ sí 3.500, 500 fún títẹ orúkọ sẹ́yìn, ó fi ṣòkòtò péńpé kan ṣe èènì. Mo gba aṣọ náà, mo fi ọwọ́ pa á, mo na án, mo wo abẹ́ apá, wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì, ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣe déédé, ọrùn ẹ̀ ò fẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò yẹn ò ṣí títí di òní. Ní ti aṣọ, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Ibi tí wọ́n ti mú mi ni pé mi ò wo lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn, wọn ò rán an, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n rán wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n lẹ̀ ti lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé mo gbé e padà. Fòfó ní oníbàárà méjì lọ́wọ́, ó gbé àga onírọ́bà fún mi pé kí n jókòó, mo jókòó, mo gbójú sókè wo ògiri torí kò sí nǹkan míì tí mo fẹ́ wò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. PSG ti Paris, Katar ló ni ín láti 2011. Man City aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọmọ ọba Abu Dhabi ló rà á ní 2008. Newcastle, owó Sáúdí, 2021. Lẹ́yìn náà àwọn ti Sáúdí fúnra wọn, Al Nassr yẹ́lò, Al Hilal búlúù, Al Ittihad tó ní ìlà dúdú àti yẹ́lò bí oyin, Al Ahli aláwọ̀ ewé. Mo ní "Fòfó, ṣé ẹ mọ̀ pé epo lẹ kó kọ́ sára ògiri yìí látòkè délẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Epo kpàyò ni tèmi, Ìyá Aláǹkárá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ìjà tí mo bá wá. Fún ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa, kpàyò ni epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń rọ sínú ìgò àti ìgbá gíláàsì ńlá lẹ́bàá títì, òun ló ń gbé ìdajì ìlú yìí rìn. Orúkọ yẹn ti wá di ti gbogbo ohun tí kì í ṣe ojúlówó, bàtà kpàyò, fóònù kpàyò, àní ọkọ kpàyò. Màyó ọmọ mi náà, kpàyò ni, mo mọ̀ kí n tó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, màyó kpàyò ti ìlú tó ń ta epo rọ̀bì sí òkèèrè jù láyé, ní ìlú tó ń ra epo nínú ìgò.

Ẹ rántí 2023. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Tinubu gorí àga ní Nàìjíríà tó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kí á tó ṣẹ́jú kpàyò ti fò sókè lọ́dọ̀ wa níbí, zémì gbówó lórí, àwọn tó ń kó ọjà fún mi láti ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu gbówó lórí, èmi náà fi kún owó àǹkárá, oníbàárà bú mi. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ni wọ́n kéde ní Sáúdí pé PIF, àpò tí ìjọba wọn ń kó owó ìdókòwò sí, ti gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti kílọ́ọ̀bù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè yẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Benzema, agbábọ́ọ̀lù Faransé, ti di ti Al Ittihad. Kanté tẹ̀ lé e, Mané, Mahrez, Koulibaly, Mendy, Kessié, gbogbo wọn gba ọ̀hún lọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì o. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí epo ń wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́, ibẹ̀ ni àwọn tó ni epo ti ń ná an. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni iná sọ níbi tí wọ́n kó kpàyò sí ní Sèmè-Kraké, ó lé ní 30 èèyàn tó bá a lọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé tí wọ́n bá ń pe nǹkan ní owó epo lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń dà bíi pé owó yẹn ò ní òórùn.

Ó sì yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ Sáúdí ṣe yí padà lẹ́nu wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sàkétẹ́, tí wọ́n bá ní Sáúdí, Mẹ́kà la mọ̀, omi sámúsámù nínú kẹ́ẹ̀gì funfun, èso dàbínù, ẹní ìkírun aláwọ̀ pupa tí ìyá àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀, orúkọ ẹ̀ yí padà, àdúgbò á lọ pàdé ẹ̀. Ọmọ tèmi, tẹ́ ẹ bá ní Sáúdí, Ronaldo ló máa dá yín lóhùn. Àwọn tó ń náwó náà ò fi èyí pamọ́, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Vision 2030, wọ́n gbé e jáde ní 2016, pé kí ayé mọ̀ wọ́n mọ ohun míì yàtọ̀ sí epo àti hájì. Àwọn míì ní rárá o, pé wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù fọ orúkọ ni, pé wọ́n fẹ́ ká gbàgbé Khashoggi, akọ̀ròyìn ọmọ Sáúdí tí wọ́n pa ní Istanbul ní 2018. Ọmọ ọba tó ń darí ìlú náà, Mohammed bin Salman, dáhùn fúnra ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 2023, kò sẹ́, ó ní tí irú ìfọ̀ orúkọ bẹ́ẹ̀ bá lè fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún ọrọ̀ ajé òun, òun á máa bá a lọ. Èmi tó jẹ́ ọlọ́jà, mo gbọ́ èdè yẹn yé. Èrè ló ń wò.

Ṣùgbọ́n ṣé èrè wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọlọ́jà. Wọ́n ní owó tí wọ́n ń fún Ronaldo tó nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù yúrò lọ́dún nígbà tó dé Al Nassr níparí 2022. Yúrò kan 655 sẹ̀fà àti díẹ̀ ni, kì í yí padà, ẹ sọ ọ́ di owó wa, ó ju bílíọ̀nù 131 lọ. Ẹ pín in sí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 359 mílíọ̀nù lójoojúmọ́, ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ní kí wọ́n máa san níbí ní Benin, 52.000 ni, láti 2023. Fòfó mú kalikulétọ̀ ẹ̀, a jọ ṣe é: ẹni tó ń gba 52.000 máa ṣiṣẹ́ ju 570 ọdún lọ kó tó gba ohun tí Ronaldo gbà lọ́jọ́ kan. Ọmọ líìsé kan tó wọlé wá wo màyó Barça ní ká tún un ṣe, a tún un ṣe, ohun kan náà ni. Ó ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ bọ́ọ̀lù." Fòfó ní kó kọ́kọ́ san 1.000 tó jẹ òun.

Owó yẹn kọ́ ló ṣe mí ní kàyéfì jù o, owó wọn ni, ẹni bá ní i ló ń ná an. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé wọ́n gbé ọjà kí wọ́n tó ní oníbàárà. Ní oṣù kẹwàá 2023, ọdún tí wọ́n náwó jù yẹn náà, wọ́n ka èrò kan nínú pápá tí Henderson, ẹni tó ti ṣe káputéènì Liverpool, ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Al Ettifaq nílé Al Riyadh, wọn ò pé 700. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin! Ìsìnkú àgbà ní Sàkétẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìtíì ka àwọn tó wá jẹun. Kí oṣù kìíní tó parí Henderson ti kẹ́rù lọ Ajax. Al Hilal, Al Ittihad, àwọn yẹn ní èrò, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ti ní èrò kí owó yìí tó dé, àwọn ará Sáúdí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gidi. Ṣùgbọ́n àwa níbí, kò sí ẹni tó ń ṣe Al Nassr. Ronaldo la ń ṣe. Mo bi ọmọ mi pé ta ni gólì Al Nassr, ó wò mí bíi pé mo bi í ní ìbéèrè nínú èdè Ṣáínà. Lórí ọ̀rọ̀ Fòfó fúnra ẹ̀, kò tíì rí ẹni tó ra màyó Sáúdí kan tí kò ní orúkọ èèyàn lẹ́yìn. Ti Barça, ti Real, wọ́n ń rà á lófìfo.

Ibí yìí ni mo ti wá gbọ́ ìtàn Neymar, ìtàn yẹn nìkan tó owó zémì tí mo wọ̀ dé ibẹ̀.

Oṣù kẹjọ 2023, Al Hilal san nǹkan bíi 90 mílíọ̀nù yúrò fún PSG, wọ́n gbé Neymar. Fòfó gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀, ní ọ̀sán ó ti pe oníbàárà ẹ̀ ní Èkó, ó ní kí wọ́n gbé dọ́sìn mẹ́rin màyó Al Hilal, kí wọ́n tẹ NEYMAR 10 sí gbogbo wọn kí wọ́n tó kó o dé, ó yá owó níbi ẹ̀súsú láti san án. Ọjà dé, ó tà á fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, dọ́sìn kan lọ. Ó di oṣù kẹwàá, Neymar lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Brazil pẹ̀lú Uruguay, orúnkún ẹ̀ já. Ọdún kan kọjá kó tó tún tẹ pápá. Oṣù kìíní 2025 wọ́n tú àdéhùn ká, ó padà sí Santos. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ló gbá fún Al Hilal. Méje! Ẹ mú owó tí wọ́n fi rà á nìkan, láìtíì ka owó oṣù ẹ̀, ó ju bílíọ̀nù 8 sẹ̀fà lọ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Al Hilal ní àpò ìjọba lẹ́yìn, wọ́n yí ojú ìwé. Fòfó ní dọ́sìn mẹ́ta tó kù nílẹ̀ àti àwọn ìyá ẹ̀súsú tó ń dúró dè é.

Kùtà gidi nìyẹn. Ẹni tó bá ti ta ọjà rí mọ ohun tí kùtà ń ṣe fún oorun èèyàn. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sí 2.500, ó gbé e sí 1.500, níkẹyìn ọ̀gá bíríkìlà kan wá kó gbogbo ẹ̀ ní 800 ẹyọ kan fún àwọn ọmọ ìṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá lọ́nà Jàsín lọ́dún tó kọjá tẹ́ ẹ rí ibi tí Neymar bíi mẹ́wàá ti ń po símẹ́ńtì, ẹ ò lálàá, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, Fòfó náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ò dé ojú.

Láti ìgbà yẹn ló ti yí ọwọ́ padà, kì í tẹ orúkọ sílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn òfìfo ló ń gbé, ìwọ wá, o dárúkọ ẹni tó wù ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dáa fún àpò ẹ̀, kò dáa fún màyó ọmọ mi, torí ẹ̀rọ tó dáa tí àwọn Èkó fi ń tẹ̀ ẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀, áyọ́ọ̀nù ilé ló ń lò. Ẹ rí i bí orúnkún Neymar ṣe fà á tí Ronaldo fi bó lórí okùn ilé mi.

Ó ní àpò kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì tó jẹ́ pé ìtẹ́ òkú ni. Ó tú u fún mi. Màyó Anzhi wà níbẹ̀, yẹ́lò, ETO'O lẹ́yìn. Ṣé ẹ rántí? Ní 2011, olówó kan ní Rọ́ṣíà, Kerimov, ra kílọ́ọ̀bù yẹn ní Makhachkala, wọ́n ní owó Eto'o tó 20 mílíọ̀nù yúrò lọ́dún, kò sí ẹni tó ń gbà tó o láyé ìgbà yẹn, àwọn àbúrò mi ọkùnrin ń pariwo Anzhi kiri láìmọ ibi tó wà. Ní 2013 olówó náà pa owó kù, wọ́n ta gbogbo wọn bí ẹni ń sá fún òjò, ní 2022 kílọ́ọ̀bù yẹn ò sí lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù owó mọ́. Ti Ṣáínà ńkọ́, Fòfó ò ní, ó ní kò sí ẹni tó béèrè ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn ni wọ́n ń rán gbogbo màyó tó kù. Oscar lọ síbẹ̀ ní 2017 lówó tó tó 60 mílíọ̀nù pọ́ùn. Tevez náà lọ, kò lo ọdún kan tán, ó padà sílé, ó ní ìsinmi lòun lọ ṣe. Jiangsu gba ife líìgì ní 2020, oṣù kejì 2021 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Guangzhou tó gba ife Éṣíà lẹ́ẹ̀mejì, 2013 àti 2015, ó túká ní oṣù kìíní 2025 nítorí gbèsè.

Ọmọ líìsé yẹn ò gbà o. Ó ti gbé àga tiẹ̀ náà. Ó ní àwọn tí mo ń kà yẹn, olówó àdáni ni wọ́n, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé ta, pé ti ìjọba olówó epo yàtọ̀, owó wọn ò lè tán láàárín ọdún méjì. Ó ní PSG ńkọ́? Ó ní Al Hilal ló fún Man City ní 4-3 ní Ife Ayé àwọn kílọ́ọ̀bù ní 2025, ṣé a ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Newcastle náà gba ife ní England ní 2025, ife àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà nílé fún 70 ọdún (Fòfó ní síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń ra màyó wọn, àfi àwọn tó rò pé Juventus ni, torí dúdú àti funfun ni ti àwọn méjèèjì, òun ò sì ń tún wọn ṣe). Ọmọ yẹn mọ nǹkan tó ń sọ, mo gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí PSG mo ní dúró níbẹ̀. Wọ́n san 222 mílíọ̀nù fún Neymar ní 2017, wọ́n mú Messi ní 2021, wọ́n ní Mbappé, mẹ́ta wọ̀nyẹn lápapọ̀, ife Yúróòpù ò wá. Messi lọ, Neymar lọ, Mbappé lọ, sáà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹni kẹta lọ gan-an ni wọ́n fi márùn-ún sí òdo na Inter ti Italy nínú àṣekágbá ife Yúróòpù náà, oṣù karùn-ún 2025. Ọmọ líìsé ní owó ṣì ni. Òótọ́ ni, owó ṣì ni, àwọn ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò wọn ò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ wọ́n ti lọ rán an, wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Sessègnon wa, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Benin, ẹ ò rántí ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí! PSG ló wà láti 2008, oṣù kìíní 2011 ló kúrò lọ sí Sunderland, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà Katar wọlé. Orí èèyàn máa ń ṣe báyìí nígbà míì, ẹ ò gbọdọ̀ bi í léèrè.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀bù kejì, bàbá kan tó ń ta tílè, dá sí i, ó ní kí ni gbogbo wa ń fi Sáúdí ṣe, pé ìlú tó fẹ́ gba Ife Ayé 2034, tó ní òun máa kọ́ pápá kan sórí ilé, mítà 350 sókè, tó ní òun máa kọ́ ìlú kan bí ògiri, 170 kìlómítà ní gígùn, ìyẹn ju Kútọnu dé Lomé lọ, ó ní ìlú bẹ́ẹ̀ ń ṣeré ni, ó ní a wá jókòó ń ṣírò ẹ̀. Mo ní Bàbá, ẹ má jẹ́ ká rín wọn púpọ̀. Ṣebí a mọ ilé aṣòfin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbí ní Àjàṣẹ́ láyé Yayi Boni, ààrẹ wa tẹ́lẹ̀, tí wọ́n pa tì, tí ewéko ń hù lára ẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ òmíràn lákọ̀tun ní 2021, Kéré, ayàwòrán ilé ará Burkina, ló ya á, bí igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ère Amasónì, jagunjagun obìnrin Dahomey àtijọ́, ní Kútọnu, mítà 30, láti 2022, ẹni tí kò bá tíì lọ ya fọ́tò níbẹ̀ kó jáde síta. Èmi ti yà. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́, ọmọ mi ní ẹsẹ̀ ẹ̀ tóbi ju ilé wa lọ. Àwa ò ní epo, owó ni ò jẹ́ kí tiwa náà pọ̀ tó tiwọn. Bàbá onítílè ní "Ìyẹn náà ṣá," ó padà sí ìdí ọjà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí màyó, torí ẹ̀ lẹ ṣe ń kà á.

Fòfó ò bá mi jà. Ó wo ẹ̀yìn màyó náà, ó ṣe "hẹn-hẹn", ó bi mí pé ṣé omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ ọ́, mo ní omi kànga ni, ó ní ṣé mo fún un, mo ní ta ni kì í fún aṣọ? Ó ní kí wọ́n yí inú síta, kí wọ́n má fún un, kí wọ́n má sá a sójú oòrùn. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyẹn fún mi nígbà tẹ́ ẹ gba 500 mi. Ó dákẹ́. Ó dá 500 náà padà, kò ní kí n bẹ̀ ẹ́, ó sì ní òun máa tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ: aṣọ dáa, ẹ rà á, ẹ má san ju 3.000 lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ mú ọmọ dání torí nọ́ńbà ara aṣọ náà ò bá ti wa mu, tí wọ́n kọ 10 sí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló máa wọ̀ ọ́. Orúkọ ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún aránṣọ kó fi òwú kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mẹ́ta yẹn, méjì jẹ́ ti Fòfó fúnra ẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti aṣọ.

Kí n tó dìde, mo bi í pé màyó Benin ńkọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé mo béèrè ohun tí òfin kò fẹ́. Ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó kó Newcastle kúrò, ó fa ọ̀kan yọ, àtijọ́ ni, ọ̀kẹ́rẹ́ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa nígbà yẹn ṣì wà láyà ẹ̀, kó tó di 2022 tí wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù fún wa tí wọ́n sọ wá di Guépards, ẹranko tó jọ àmọ̀tẹ́kùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ló lé Morocco lọ sílé ní Ife Áfíríkà 2019 tá a dé ipele tó ṣáájú èyí tó kángun sí àṣekágbá láìborí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú, ọ̀mì ni gbogbo ẹ̀, ọgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn. XXL nìkan ló kù. Mo fún un ní 2.000, ó gbà á láìdúnàádúrà, mo mọ̀ pé kùtà ni.

Ọmọ mi ń fi ìyẹn sùn. Èyí yẹ́lò ló ń wọ̀ jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé, kò jẹ́ kí n bó àwọn lẹ́tà tó kù kúrò. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Roal. Ó ń dáhùn.